Ẹnu Páìpù

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, ẹ̀wà jóná ní ilé ìdáná ilé-ìwé, ẹni tí ó dúró tì í kò sì mọ̀. Kì í ṣe pé ó sùn. Kì í ṣe pé ó jáde lọ bá ẹnìkan tàkúrọ̀sọ. Ó kàn kọ ẹ̀yìn sí ìkòkò, ó ń wá iyọ̀ lórí pẹpẹ, títí àwọn tí ń gé àlùbọ́sà ní ìta fi sáré wọlé, tí wọ́n ń fi aṣọ bo imú. Obìnrin náà yíjú sí wọn.

"Ta ló ń lé yín?"

"Àǹtí, ẹ̀wà ń jó o."

Ó wẹ̀yìn. Èéfín ti dúdú débi pé kò rí ògiri mọ́.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni obìnrin yìí ti ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ tí ń gbé inú ọgbà ilé-ìwé náà, orúkọ tí wọ́n sì sọ ọ́ níbẹ̀ ni Imú-kì-í-purọ́. Kì í wo aago. Kì í tọ́ ọbẹ̀ wò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí ìrẹsì bá kù díẹ̀ kí ó jinná, ó lè wà ní ẹnu ọ̀nà ọgbà, imú rẹ̀ ni yóò dá a padà. Bí ẹran bá ti ń yí padà, òun ni yóò kọ́kọ́ mọ̀, kí ẹni tí ó ta ẹran náà tó parí ìbúra rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń sọ fún ẹni tuntun pé, "Tí Àǹtí bá ní kò dára, dà á nù. Má bá a jiyàn, wàá kàn fi àkókò ṣòfò ni."

Ọ̀gá ilé ìdáná kò pariwo mọ́ ọn. Ó ní, "Ẹ lọ sinmi. Tó bá di ọjọ́ Ajé, ẹ wá se ìkòkò kan níṣojú mi, ká lè mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí." Ariwo ì bá sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó ti fi imú se oúnjẹ fún ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n ní kí ó wá ṣe ìdánwò.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wà ní yàrá iwájú nígbà tí ó wọlé, ó ń kan àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà. Aránbàtà ni. Ẹnu yà á pé ẹ̀gbọ́n òun ti dé nígbà tí ọ̀sán kò tíì pọ́n.

"Àǹtí, ṣé kò sí nǹkan?"

"Ẹ̀wà jóná lójú mi." Ó jókòó sórí àga àwọn oníbàárà, ó gbé báàgì rẹ̀ lé orúnkún. "Ó jóná ráúráú. N kò sì gbọ́ òórùn rẹ̀. Títí mo fi jáde níbẹ̀, n kò gbọ́ òórùn kankan."

"Ó rẹ̀ yín ni," aránbàtà wí.

"Bóyá ó rẹ̀ mí."

Aránbàtà gbé òòlù sílẹ̀. Ohun tí ó wá sí i lọ́kàn kì í ṣe ẹ̀wà, kì í sì ṣe àárẹ̀. Páìpù ni.

Kí a tó mọ bí páìpù ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà, a ní láti mọ bí ilé wọn ṣe rí. Yàrá méjì ni, pálọ̀ kékeré kan sì wà láàrin wọn. Yàrá iwájú kọjú sí títì, ìmọ́lẹ̀ ń wọ ibẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Yàrá ẹ̀yìn kọjú sí ọ̀nà tóóró kan tí ó wà láàrin ilé wọn àti ògiri ilé kejì, ọ̀nà tí ó há débi pé ẹni tí ó bá sanra ní láti fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Ẹ̀gbọ́n ni ó ń gbé yàrá iwájú tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n wó ìsọ̀ àbúrò rẹ̀ láti fẹ títì, tí kò ríbi kó irin iṣẹ́ sí, òun fúnra rẹ̀ ni ó ká bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn.

Àbúrò ní, "Àǹtí, yàrá yẹn ṣókùnkùn jù fún yín."

Ó ní, "Ṣé ojú ni mo fi ń sùn ni? Ìwọ lo nílò ìmọ́lẹ̀, kí o má baà rán bàtà ọ̀tún mọ́ òsì."

Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Òun ni ó tọ́ ọ nígbà tí ìyá wọn kú, òun ni ó fi ilé-ìwé sílẹ̀ kí ó baà lè wá nǹkan jẹ fún un, òun ni ó mú un lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá tí ó kọ́ ọ níṣẹ́, òun náà ni ó ń fọ aṣọ ọ̀gá náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí ọmọ fi gba òmìnira. Aránbàtà kò gbàgbé ọ̀kankan nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ohun tí ó ṣe fi le fún un láti gbé mì.

Àwọn aránbàtà ní àṣà kan. Bí wọ́n bá ti fẹ́ fi gọ́ọ̀mù lẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́ bàtà, wọ́n á fi kun ojú méjèèjì, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ títí tí yóò fi gbẹ díẹ̀, tí èèyàn lè fi ẹ̀yìn ìka kàn án kí ó má lẹ̀ mọ́ ọn. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó máa pa á pọ̀. Bí atẹ́gùn bá gbé eruku wá sí i kí ó tó gbẹ, bàtà náà yóò ṣí ẹnu láàrin ọ̀sẹ̀ kan, oníbàtà á sì wá gbé e jù sí ọ láyà. Nítorí náà wọ́n máa ń ti fèrèsé pa. Ọ̀gá rẹ̀ máa ń sọ pé gọ́ọ̀mù àti atẹ́gùn kì í jẹun nínú àwo kan náà. Ọ̀gá náà fúnra rẹ̀ máa ń wúkọ́ bí ajá tí egungun há sí lọ́rùn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí ó so ikọ́ yẹn mọ́ fèrèsé.

Ní ìsọ̀ àtijọ́, ilẹ̀kùn gbòòrò, òórùn ń rí ọ̀nà sá lọ. Nínú yàrá kò rí bẹ́ẹ̀. Láàrin oṣù kan, bí aránbàtà bá ti fi gọ́ọ̀mù lẹ bàtà bíi mélòó kan, tí ó sì fi tínà, omi líle tí ń ṣí gọ́ọ̀mù, nu etí wọn, orí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ilẹ̀ á sì máa yí i bí ẹni tí ó mutí yó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á dúró sí pálọ̀, á fi ọwọ́ fẹ́ iwájú imú rẹ̀, á ní, "Àbúrò mi, ilé yìí ń rùn bí abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù. Wá nǹkan ṣe sí i. Ìwọ ni mò ń rò o, tèmi rọrùn, mo ń jáde."

Ó lọ pe Oníná. Ọkùnrin tí ń ṣe iná fún gbogbo àdúgbò ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ẹni tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Oníná lu ògiri yàrá iwájú, ó gbé fáànù onígun mẹ́rin kan síbẹ̀, irú èyí tí ń fa afẹ́fẹ́ inú yàrá jáde, ó so páìpù mọ́ ọn lẹ́yìn. Kò lè gbé e kọjú sí títì nítorí àwọn oníbàárà. Ọ̀nà tóóró yẹn ni ó gbé e sí.

"Ihò tí mo fi sílẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn yìí, má fi aṣọ dí i," Oníná wí. "Tí afẹ́fẹ́ kò bá ríbi wọlé, kí ni fáànù fẹ́ fà jáde? Á kàn máa yí lásán, bí ẹni tó ń fa omi nínú kànga gbígbẹ."

"Mo gbọ́."

"O ò tíì gbọ́. Wá síta." Wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ wọ ọ̀nà tóóró náà. Oníná na ọwọ́ sí ẹnu páìpù, ó tún na ọwọ́ sí fèrèsé tí ó wà níwájú díẹ̀. "Fèrèsé ta nìyẹn?"

"Ti Àǹtí ni."

"Ohun tí mò ń sọ nìyẹn. Páìpù tó wà lọ́wọ́ mi kúrú. Bí a bá fi í sílẹ̀ báyìí, yàrá wọn lò ń da gbogbo ẹ̀ sí. A gbọ́dọ̀ gbé ẹnu rẹ̀ gòkè kọjá òrùlé. Páìpù méjì sí i àti ìgbọ̀nwọ́ kan tó máa yí i sókè. Tí o bá ti rà á, pè mí. Títí dìgbà yẹn, máa ṣí fèrèsé rẹ, má tan fáànù."

"Sátidé ni."

"Sátidé wo?"

"Èyí tó ń bọ̀ náà ni. Ṣé Sátidé ti di méjì ni?"

Oníná gbé àpò irin iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká. "Èéfín kò mọ onílé o. Ibi tó bá ti rí ihò, ibẹ̀ ló máa wọ̀."

Sátidé dé, ó bá bàtà àwọn ọmọ ilé-ìwé tí ó kún ilẹ̀ débi pé kò síbi gbẹ́sẹ̀ lé. Sátidé kejì dé, ó bá àwọn tí wọ́n ń wá gbé bàtà ìgbéyàwó. Aránbàtà kì í ṣe ọ̀lẹ. Iṣẹ́ gan-an ni kò jẹ́ kí ó ráyè. Fáànù kò sì ṣeé pa mọ́. Láti ọjọ́ tí ó ti kọ́kọ́ tàn án, orí tí ń fọ́ ọ ti dákẹ́, ojú rẹ̀ kò ṣomi mọ́. Bí oníbàárà bá wọlé, yóò mú ìwé pélébé kan, yóò gbé e sún mọ́ fáànù, ìwé á sì lẹ̀ mọ́ ọn pẹ́kẹ́.

"Ẹ ò rí i? Ó ń mu ún bí ẹni mu omi."

Wọ́n á ní, "Orí yín pé o."

Kò ju ọ̀sẹ̀ kejì lọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi yọjú láti pálọ̀ ní òwúrọ̀, tí ó ń wé gèlè tí ó máa ń wé lọ sí ibi iṣẹ́.

"Kí ló ń rùn nínú yàrá mi bí ọ̀dà?"

Aránbàtà ń fa awọ mọ́ igi tí wọ́n fi ń mọ bàtà lọ́wọ́. Ó mọ̀. Kò sí ìgbà kan nínú ayé rẹ̀ tí ó mọ ohun kan jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ ọ́, ó ní láti pa fáànù, èéfín á padà bá a, bàtà àwọn ọmọ ilé-ìwé kò sì ní í jáde lọ́jọ́ tí ó dá. Irọ́ náà ti wà lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó wá a.

"Àwọn ará ilé kejì ni. Wọ́n ń kun ilẹ̀kùn wọn."

"Ẹn-ẹ́n."

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó tún béèrè. "Àwọn èèyàn yìí kò tíì kùn ún tán? Ṣé ilẹ̀kùn ọ̀run ni?"

"Wọ́n ní àkọ́kọ́ kò dán, wọ́n tún un kùn."

Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ síbi iṣẹ́. Ó gbìyànjú láti máa ti fèrèsé sùn, ooru mú un, ó ṣí i padà. Lẹ́yìn náà kò béèrè mọ́. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, kò sọ̀rọ̀ òórùn, kò fi ọwọ́ fẹ́ imú, kò ṣe bí ẹni tí nǹkan ń yọ lẹ́nu. Ara rẹ̀ ti mọ́ ọn, aránbàtà sọ fún ara rẹ̀. Àyà rẹ̀ balẹ̀. Kódà inú rẹ̀ dùn díẹ̀, ó sì gbàgbé páìpù náà pátápátá, bí èèyàn ṣe ń gbàgbé gbèsè tí olówó kò béèrè.

Ìgbà tí ó wá gbé òòlù sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta yìí ni ó tó yé e ìdí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò fi béèrè mọ́.

Kò jẹun ọ̀sán. Ó sáré lọ ra páìpù méjì àti ìgbọ̀nwọ́ kan, ìsọ̀ kò jìnnà, kò tilẹ̀ gbà tó àkókò tí ó fi ń lẹ bàtà kan. Ìyẹn náà dùn ún. Ó pe Oníná. Oníná dé, ó yọjú sí ọ̀nà tóóró, ó rí páìpù kúkúrú tí ó ṣì la ẹnu sí fèrèsé.

"Ó ti lé ní oṣù méjì o."

"Mo mọ̀."

"Sátidé tìrẹ yìí mà gùn."

Aránbàtà gbé àkàbà ti ògiri, ó gùn ún. Bí ó ti ń gùn ún ni àkàbà ń mì, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ kò tẹ́jú. Lójijì ó dúró ṣinṣin. Nígbà tí aránbàtà wo ìsàlẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó rí. Ó ti fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ àkàbà mú, ó sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tì í nísàlẹ̀.

"Àǹtí, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ lọ sinmi."

"Kí o já bọ́ ńkọ́? Kí lẹ tiẹ̀ ń ṣe?"

"A kàn ń gbé e gòkè ni, kó lè dára sí i."

"Ó dáa. Oníná, ẹ ṣeun. Ẹ máa bá mi mójú tó o, kò mọ̀ pé ara kì í ṣe irin. Èéfín yìí ni mò ń bẹ̀rù fún un."

Oníná wò ó. Ó gbójú sókè wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí àkàbà. Wọ́n de páìpù tán, ẹnu rẹ̀ sì ti wà lókè òrùlé níbi tí atẹ́gùn ti ń gbé èéfín lọ. Nígbà tí obìnrin náà wọlé tán, Oníná fa aránbàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìwọ lo máa sọ fún wọn, àbí èmi?"

"Èmi ni."

"Sátidé?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára bí ìlu tí a fi ń lu awọ. Síbẹ̀ kò sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ó ń retí pé bí afẹ́fẹ́ tútù bá ti wọ yàrá ẹ̀yìn, imú lè jí dé òwúrọ̀, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wà ní ilé ìdáná tiwọn nílé, ó ti fi gèlè di ojú ara rẹ̀.

"Wá. Máa mú nǹkan wá síwájú imú mi, kọ̀ọ̀kan. Má sọ ohun tó jẹ́."

Ó mú àlùbọ́sà tí ó là sí méjì.

"Àlùbọ́sà," obìnrin náà wí.

Ayọ̀ gbé aránbàtà sókè. "Àǹtí, ẹ gbà á."

"Ojú mi ló ta, kì í ṣe imú mi. Mú òmíràn."

Ó mú kọfí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fa afẹ́fẹ́ símú, ó tún fà á. "Ṣé iyọ̀ ni?" Ó mú ọṣẹ. Obìnrin náà ní bóyá búrẹ́dì ni. Ó mú kẹrosíìnì tí wọ́n fi ń tan àtùpà. Obìnrin náà mi orí, ó ní, "Mú èyí tó le wá. Nǹkan rẹ yẹn, èyí tó o fi ń nu bàtà."

"Kò dáa kí ẹ máa fà á símú."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Mú un wá."

Aránbàtà gbé agolo tínà wá láti yàrá iwájú, ó ṣí i níbi tí ọwọ́ rẹ̀ gùn dé, ó sì yí ojú tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nítorí bí ó ti le tó. Ẹni tí ó wà ní ilé kẹta yóò gbọ́ òórùn yẹn. Obìnrin náà jókòó pẹ̀lú gèlè lójú, ọrùn rẹ̀ nà síwájú díẹ̀, ó ń retí.

"Mò ń dúró dè ọ́ o," ó wí. "Ṣé o ò rí i ni?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tú gèlè kúrò lójú, ó rí agolo tí ó ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó wò ó títí. Ó ká gèlè náà sí méjì, ó tún ká a sí mẹ́rin.

"Ọjọ́ orí ni. Ti ìyá àgbà, etí ni. Tèmi ló bá imú wá."

Ibi tí ó yẹ kí ó ti sọ ọ́ nìyẹn. Ó la ẹnu. Ohun tí ó jáde ni, "Ẹ jẹ́ ká lọ rí dókítà."

Dókítà kò dàgbà, obìnrin ni, ó sì ń fi sùúrù béèrè ọ̀rọ̀. Ó yẹ imú wò, ó yẹ ọ̀fun wò. Ó bi í bóyá òtútù ti mú un láìpẹ́ yìí, bóyá ó ṣubú fi orí lulẹ̀ rí. Rárá ni gbogbo rẹ̀.

"Mọ́mì, nílé ńkọ́? Ṣé ẹ ń lo nǹkan tó ń rùn gan-an? Ọ̀dà, oògùn ẹ̀fọn, irú nǹkan bẹ́ẹ̀?"

"Kò sí o. Àbúrò mi yìí ń rán bàtà nílé, ó sì ń lo gọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n ó ti ṣe ẹ̀rọ tó ń fa òórùn rẹ̀ jáde." Ó fi ọwọ́ kan orúnkún àbúrò rẹ̀. "Ó máa ń ṣọ́ra. Kò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ ẹ̀."

Ọwọ́ náà wà lórí orúnkún rẹ̀ síbẹ̀ nígbà tí aránbàtà sọ ọ́.

"Dókítà, ẹnu ẹ̀rọ yẹn, fèrèsé yàrá wọn ló kọjú sí. Ibẹ̀ ló ń tú gbogbo ẹ̀ dà sí."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó lé ní oṣù méjì. Àná la gbé e kúrò."

"Ṣé ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ ló ń lọ?"

"Mo mọ̀. Ẹni tó bá mi dè é ti sọ fún mi lọ́jọ́ náà."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ọwọ́ kúrò lórí orúnkún rẹ̀. Kò já a gbà. Ó kàn gbé e kúrò, ó gbé e lé báàgì rẹ̀.

Dókítà kò bá aránbàtà wí. Ó sọ ohun tí ó mọ̀. Ó ní kí Mọ́mì má sùn sí yàrá náà mọ́ títí afẹ́fẹ́ yóò fi fọ̀ ọ́ dáadáa, kí wọ́n kó gọ́ọ̀mù àti tínà jáde kúrò lábẹ́ òrùlé tí èèyàn ń sùn sí, kí ẹni tí ń lò ó náà máa lò ó níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ó ní òun kò ní oògùn tí ń jí imú. "Ti ẹlòmíì máa ń padà díẹ̀díẹ̀. Ti ẹlòmíì kì í padà. N kò lè purọ́ fún yín."

Iwájú ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rìn nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé. Aránbàtà ní kí òun bá a gbé báàgì, kò fún un. Nígbà tí wọ́n dé, kò wọlé, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà. Aránbàtà dúró níwájú rẹ̀ bí ẹni tí ọ̀gá fẹ́ nà.

"Ilẹ̀kùn ará ilé kejì ńkọ́?"

"Wọn ò kùn ún."

"Mo kí obìnrin yẹn o. Mo ní ẹ kú iṣẹ́, ilẹ̀kùn yín á mà dán. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá kí i, imú ló fi ń dáhùn. Ó rò pé mò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ilẹ̀kùn tí ikán ti jẹ dé ìdajì."

Ẹ̀rín fẹ́ pa àwọn méjèèjì. Ẹnu ẹ̀gbọ́n tilẹ̀ ti ya díẹ̀. Ó pa á dé.

"Nígbà tí mo bi ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, o ní wọ́n tún un kùn."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo fún ọ ní yàrá iwájú. Ṣé pálọ̀ ni n kò ní sùn? Ká ní o sọ pé, Àǹtí, ẹ lọ sùn ní pálọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, ṣé n kò ní lọ ni?"

Ó mọ̀ pé ì bá lọ. Ì bá lọ láìbéèrè ìdí, ì bá tún bá òun gbá pálọ̀ kí ó tó tẹ́ ẹní síbẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ níbi tí ó dúró sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo ẹ̀yìn orí rẹ̀.

"Dìde. Àwọn èèyàn ń kọjá."

Ní ọjọ́ Àìkú, aránbàtà kó gbogbo irin iṣẹ́ rẹ̀ jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó na páànù mẹ́ta sórí igi mẹ́rin, kò fi ògiri kankan sí i. Eruku bẹ̀rẹ̀ sí í ba gọ́ọ̀mù rẹ̀ jẹ́ lọ́jọ́ kìíní, títí ó fi ronú láti máa fi páálí bo bàtà mọ́lẹ̀ nígbà tí ó bá ń dúró kí ó gbẹ. Páálí lásán. Ohun tí ó lè ti ṣe láti ọjọ́ tí ó ti wọ inú ilé nìyí, kí ó sì ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu. Ó fọ yàrá iwájú, ó fọ ògiri, ó gbé bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà síbẹ̀.

Obìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. "Ó ń rùn."

Aránbàtà yíjú padà kíá. "Ẹ gbọ́ ọ?"

"Rárá. Mo kàn mọ̀ ni."

Ní ọjọ́ Ajé, ó tẹ̀ lé e lọ sí ilé-ìwé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ní kí ó wá, kò sì ní kí ó padà. Wọ́n ti gbé ìkòkò kaná, àwọn tí ń gé àlùbọ́sà ti dúró yíká bí ẹni tí ó wá wo eré, wọ́n sì ti múra tán láti yọ̀ fún un. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Imú-kì-í-purọ́, ẹ fi hàn wọ́n." Obìnrin náà kò fọwọ́ kan ṣíbí. Ó lọ bá ọ̀gá ilé ìdáná.

"Imú mi ti kú. Tí ẹ bá ní kí n máa wo aago, mo lè wo aago. Ṣùgbọ́n tí ẹran bá bàjẹ́, n kò ní mọ̀. Ọmọ ọlọ́mọ ló máa jẹ ẹ́."

"Ha, Àǹtí. Kí ló fà á?"

Aránbàtà sún síwájú. Ó ti ṣe tán láti sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn, ó tilẹ̀ fẹ́ sọ ọ́, nítorí ó rò pé ìtìjú náà á mú díẹ̀ kúrò nínú ohun tí ó wúwo lọ́kàn rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò wò ó. "Àìsàn ni," ó wí. "Aránbàtà, bá mi gbé ọ̀bẹ mi àti épúròònù yẹn."

Bí àwọn oníbàárà ṣe ń pè é ni ó ṣe pè é. Ó gbé ọ̀bẹ, ó gbé épúròònù, ó tẹ̀ lé e jáde.

Òjò ọdún náà rọ̀, ó dá. Yàrá ẹ̀yìn kò rùn mọ́, ẹnu páìpù wà lókè òrùlé, fáànù kò sì ní nǹkan tí yóò fà mọ́. Bí aránbàtà bá ti se oúnjẹ tán, yóò gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, obìnrin náà yóò jẹ díẹ̀, yóò ní ó tó, kò ní í sọ pé ó dùn tàbí kò dùn. Ẹ̀ẹ̀mejì sí i ni obìnrin náà lọ rí dókítà. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, dókítà ní kí ó má wulẹ̀ dààmú ara rẹ̀ wá mọ́.

Imú rẹ̀ kò padà. Wọ́n ti gbé ìkòkò ilé-ìwé náà fún ẹlòmíràn.